Tripod Kékeré fún Kámẹ́rà Àpò: Èwo Ni Kí Ẹ Mú Nínú Àwọn Olówó Pọ́ọ́kú?

Kámẹ́rà kékeré tó ń wọ àpò fúyẹ́, ó sì yá mú lọ síbi gbogbo. Ohun kan tí kò lè ṣe fúnra rẹ̀ ni kó dúró gbọn-in nígbà tí ọwọ́ ẹni kò bá sí lára rẹ̀. Bí oòrùn bá wà lókè, ìyẹn kì í ṣe wàhálà. Àmọ́ tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí iná inú yàrá kò bá mọ́lẹ̀ tó, tàbí tí ẹni tó ń ya fọ́tò náà fẹ́ wà nínú fọ́tò, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tripod, ìyẹn ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń gbé kámẹ́rà lé, ti ń wọlé. Tripod ńlá tó ga dé èjìká á ṣe iṣẹ́ náà dáadáa, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ máa ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kiri nítorí kámẹ́rà tí kò wúwo tó ìdajì kílò? Ìdí nìyẹn tí tripod kékeré fi pọ̀ lọ́jà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì wọ́n rárá.

Ẹ bá wo àwòrán wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, gbogbo wọn á jọra lójú yín: ẹsẹ̀ mẹ́ta, bóòtì kan lókè. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni kò jọra. Èrò tèmi ni pé orí tripod ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí ẹ tó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni ojú olùrajà máa ń lọ sí, ṣùgbọ́n orí ni olówó pọ́ọ́kú ti sábà máa ń já èèyàn kulẹ̀.

Ohun tí a ó fi díwọ̀n wọn

Ká ní ẹ fẹ́ ya iná títì lálẹ́. Bí ẹ bá gbé kámẹ́rà lé ohun tí kò mì, ẹ lè fi ISO, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó, sí 100, kí ẹ sì jẹ́ kí ojú kámẹ́rà là sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 4. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọwọ́ ya àwòrán kan náà, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ má sì dín kù, ẹ ní láti gbé ISO dé 3200, síbẹ̀ ojú kámẹ́rà á ṣì là sílẹ̀ fún 1/8 ìṣẹ́jú àáyá, èyí tó ṣì gùn jù fún ọ̀pọ̀ ọwọ́. Sensọ̀, ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, kò tóbi nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kékeré. Bí ISO bá ti kọjá 800 tàbí 1600, àwọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ta hóró-hóró, irun orí àti ewé igi á sì pa pọ̀ di ẹyọ kan. Nítorí náà, ISO 100 gan-an ni ẹ ń fi owó tripod rà. Bí tripod náà bá mì láàárín ìṣẹ́jú àáyá 4 yẹn, ẹ kò rí nǹkan kan rà.

Ìwúwo ló kàn. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà irú èyí, pẹ̀lú bátìrì àti káàdì nínú, kì í dín ní gíráàmù 120, kì í sì í sábà kọjá 320. Ẹ wo ti yín nínú ìwé tó bá a wá. Lẹ́yìn náà, ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára páálí tripod, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ìgbà tí kámẹ́rà bá jókòó dọ́gba lórí rẹ̀ ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Tí lẹ́ǹsì bá yọ síta nítorí pé ẹ ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ra, ìwúwo kámẹ́rà á sún síwájú, orí tripod á sì máa jìjàkadì pẹ̀lú rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n mú èyí tí agbára rẹ̀ tó ìlọ́po méjì ìwúwo kámẹ́rà wọn, ó kéré tán.

Orí náà wá ńkọ́? Lára ọ̀pọ̀ tripod kékeré, bọ́ọ̀lù kan ló ń yí nínú ihò, tí ìdè kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ sì ń fún un mọ́ra. Bí bọ́ọ̀lù náà bá jẹ́ irin, tí ìdè rẹ̀ sì tóbi tó fún ìka méjì láti dì mú, ara á tù yín. Bí ó bá jẹ́ ike nínú ike, yíyọ̀ ló máa ń yọ̀. Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè gbà mọ̀ kí owó tó bọ́ lọ́wọ́ yín pátápátá, yálà ní ìsọ̀ tàbí nígbà tí ọjà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí ẹ ṣì lè dá a padà. Ẹ de kámẹ́rà mọ́ ọn, ẹ fa lẹ́ǹsì dé òpin, ẹ tan àwọn ìlà tó máa ń pín ojú tí ẹ ti ń wo àwòrán lẹ́yìn kámẹ́rà sí mẹ́sàn-án, kí ẹ sì fi ọ̀kan nínú ìlà náà lé etí fèrèsé tàbí etí àpótí ìwé. Ẹ fún ìdè, kí ẹ wá yọwọ́. Bí etí fèrèsé náà bá sún sókè díẹ̀ lójú kámẹ́rà ní kété tí ẹ yọwọ́, tó sì dúró síbẹ̀, ìyẹn ṣeé gbà: ẹ ó kàn máa gbé ojú kámẹ́rà ga díẹ̀ ju ibi tí ẹ fẹ́ lọ kí ẹ tó fún un. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń sún nìṣó, díẹ̀díẹ̀, bí ẹ ṣe ń wò ó, bọ́ọ̀lù ń yọ̀ nìyẹn. Ẹ dá a padà.

Ní ti bóòtì, kò sí wàhálà púpọ̀. Bóòtì tripod fún irú kámẹ́rà wọ̀nyí jẹ́ 1/4 inch, eyín 20 ló sì wà nínú inch kan rẹ̀, ilé iṣẹ́ yòówù tó ṣe kámẹ́rà náà. Èyí tó tóbi jù ú lọ, 3/8 inch, wà fún ẹrù wúwo, kò kàn yín níhìn-ín. Ẹ ṣáà kọ́kọ́ yí kámẹ́rà dojú délẹ̀ kí ẹ rí i pé ó ní ihò bóòtì, torí àwọn kan tó kéré gan-an kò ní. Ẹ sì wo ibi tí ihò náà wà. Lára ọ̀pọ̀ kámẹ́rà àpò, igun kan ló wà, kì í ṣe abẹ́ lẹ́ǹsì, ó sì tún súnmọ́ ìlẹ̀kùn bátìrì. Ohun méjì ló ń tìdí ẹ̀ jáde: ẹ ní láti tú tripod kí ẹ tó lè yọ káàdì, kámẹ́rà yín á sì máa wúwo sí apá kan.

Ìbéèrè tó kù ni èyí tí ọ̀pọ̀ kì í bi ara wọn: níbo ni ẹ ó máa gbé e lé? Gíga tripod wọ̀nyí kì í sábà kọjá sẹ̀ǹtímítà 10 sí 25. Wọn kì í gbé kámẹ́rà ga, ibi tí ẹ bá gbé wọn lé ló ń fún wọn ní gíga. Ẹni tó máa ń rí tábìlì, ògiri kúkúrú tàbí àtẹ̀gùn níbi tó ti ń ya fọ́tò ní ohun tó yẹ ẹ́. Ẹni tó jẹ́ pé igbó àti ọgbà olókùn irin ló máa ń bá pàdé, tiẹ̀ yàtọ̀. Tí ẹ bá sì gbé e kalẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láti ya ènìyàn, ihò imú ni kámẹ́rà máa kọ́kọ́ rí.

Ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, èyí tí owó rẹ̀ kéré jù

Èyí ni irú tí wọ́n sábà máa ń fi ṣe ẹ̀bùn lé kámẹ́rà. Ẹsẹ̀ mẹ́ta tí kì í nà, ike tàbí irin tẹ́ẹ́rẹ́, orí bọ́ọ̀lù kékeré, ó parí. Ó fúyẹ́ débi pé ó lè wà nínú àpò ṣòkòtò kí ẹ má mọ̀. Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé kò ní ohun púpọ̀ tó lè bàjẹ́, àti pé ẹsẹ̀ kúkúrú kì í gbọ̀n pẹ́. Fún kámẹ́rà tí kò tó gíráàmù 200, tí lẹ́ǹsì rẹ̀ kì í yọ jìnnà, ó ń ṣe bẹbẹ lórí tábìlì. Fọ́tò ọjà tí ẹ fẹ́ tà, ìwé tí ẹ fẹ́ yà dípò kí ẹ lọ fi ẹ̀rọ ṣe é, fọ́tò ẹbí nínú yàrá, gbogbo ìyẹn kò ju agbára rẹ̀ lọ.

Àléébù rẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ya fẹ̀ tó. Kámẹ́rà tó wúwo síwájú lè dojú dé láàárín ẹsẹ̀ méjì, afẹ́fẹ́ díẹ̀ sì tó láti bì í. Oògùn rẹ̀ kò le. Nínú ẹsẹ̀ mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan dojú kọ iwájú, kó wà gẹ́lẹ́ ní abẹ́ lẹ́ǹsì. Bí ẹ bá fẹ́ yí kámẹ́rà sí ìnàró, ẹ ó rí i pé àyè tóóró kan ṣoṣo ni ihò orí náà fi sílẹ̀ tí ọrùn bọ́ọ̀lù lè wọ̀ sí. Ẹ yí orí náà títí àyè tóóró yẹn á fi wà lókè ẹsẹ̀ kan, kí ẹ tó tẹ kámẹ́rà síbẹ̀. Bí àyè náà bá bọ́ sí àárín ẹsẹ̀ méjì, ó ń ṣubú lọ nìyẹn. Àwọn tripod kan wà tí orí wọn kì í yí lórí ẹsẹ̀ rárá, tí àyè tóóró náà sì bọ́ sí àárín ẹsẹ̀ méjì láti ilé iṣẹ́. Tí ìnàró bá ṣe pàtàkì sí yín, ẹ fi irú wọn sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń nà

Irú èyí ní ẹsẹ̀ tó ń yọ jáde láti inú ara wọn bí eríà rédíò. Owó rẹ̀ fi díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì máa ń fa ojú mọ́ra nítorí pé ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo wọn, òun ni ìfẹ́ mi sí kéré jù. Ọ̀pá tó bá gbẹ̀yìn jáde ló máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ jù, òun náà ló sì kan ilẹ̀. Bí ẹ bá fọwọ́ kan bọ́tìnnì, ẹ ó rí àwòrán tó ń gbọ̀n lójú kámẹ́rà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àwọn ọ̀pá náà á dẹ̀, ẹsẹ̀ kan á sì máa wọlé fúnra rẹ̀ nígbà tí kámẹ́rà wà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá ti ní i, ẹ má jù ú nù. Ọ̀pá tó nípọn nìkan ni kí ẹ fà jáde, kí ẹ jẹ́ kí èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ wà nínú ilé rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì ní i, kò sídìí tó fi yẹ kó rà á.

Olóríkèé, èyí tó ń lọ́ mọ́ nǹkan

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti gùn. Ọdún 2006 ni ilé iṣẹ́ Joby gbé GorillaPod jáde, tripod tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ oríkèé tó tò tẹ̀ léra, tí ẹ lè tẹ̀ síbi tó bá wù yín. Kámẹ́rà kékeré ni wọ́n ṣe èyí àkọ́kọ́ fún. Láti ìgbà náà ni àwọn aláfarawé ti pọ̀, àwọn ni wọ́n sì pọ̀ jù nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú.

Ohun tí olóríkèé ń ṣe tí àwọn tí mo ti sọ ṣáájú kò lè ṣe ni pé ó ń sọ ohun gbogbo di tripod. Irin àtẹ̀gùn, ẹ̀ka igi, ẹ̀yìn àga, ọwọ́ kẹ̀kẹ́, òpó iná: ibi tí kò sí tábìlì, ó ń rí ibi dúró sí. Fún ẹni tó máa ń rìnrìn àjò tàbí tó máa ń ya fọ́tò níta, àǹfààní yìí lè borí gbogbo àléébù rẹ̀. Ó tún ń jẹ́ kí kámẹ́rà dé gíga ojú ènìyàn, bí ẹ bá ti rí òpó tàbí igi lọ́ ọ mọ́.

Bí ẹ ṣe ń lọ́ ọ ṣe pàtàkì. Ẹ má fi ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́ mọ́ irin lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi méjì lọ́ mọ́ irin náà láti ìhà méjèèjì, kí ẹ̀kẹta tẹ̀ mọ́ ọn láti ìsàlẹ̀ tàbí láti ẹ̀yìn gẹ́gẹ́ bí ìtìlẹ́yìn. Ẹsẹ̀ kẹta yẹn ló ń gba ìwúwo lẹ́ǹsì. Lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ má jẹ́ kí ẹsẹ̀ dúró ṣánṣán, ẹ tẹ̀ ẹ́ síta díẹ̀ kí ìdí rẹ̀ fẹ̀. Ẹ sì fún un ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, torí oríkèé máa ń rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọwọ́ kó tó farabalẹ̀. Bọ́tìnnì náà pàápàá, ẹ má fi ìka tẹ̀ ẹ́. Mo ṣì ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Àwọn aláfarawé pín sí oríṣi méjì, ẹ má sì jẹ́ kí ojú yín pa wọ́n pọ̀. Oríṣi kìíní ní oríkèé ike bíi ti GorillaPod: bọ́ọ̀lù nínú ihò, tí fífún tí ike fún mọ́ ike nìkan ń dì mú. Nígbà tí ó bá ṣì wà ní tuntun, ó máa ń le. Bí ọjọ́ ṣe ń lọ, ike á jẹ, oríkèé tó súnmọ́ orí, èyí tó ń ru ẹrù jù, á sì kọ́kọ́ dẹ̀. Oríṣi kejì ní wáyà nínú fóòmù. Ó rọrùn láti tẹ̀, ó sì ń dì mú dáadáa lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n wáyà tí a ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn ní ojú kan náà á já ní ọjọ́ kan, fóòmù kò sì ní jẹ́ kí ẹ rí i. Àmì rẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ á máa rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ ní ojú kan ṣoṣo, nígbà tí ìyókù ṣì le. Bí ẹ bá ti rí èyí, ẹ má gbé kámẹ́rà kọ́ orí irin mọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Fún èmi, bó bá jẹ́ kí n yan nínú àwọn aláfarawé ni, oríkèé ike ni màá mú: ó ń kìlọ̀ díẹ̀díẹ̀ kó tó kọṣẹ́, wáyà kì í kìlọ̀.

Ibi tí olóríkèé kò ti dára ni iṣẹ́ tó ń fẹ́ kí ohun gbogbo dọ́gba. Ẹni tó ń ya ọjà mẹ́wàá léraléra láti ojú kan náà, tàbí tó ń ya ojú ìwé tẹ̀ léra, á máa tún ẹsẹ̀ tò láti òwúrọ̀ di alẹ́. Kámẹ́rà tó bá sì ti kọjá gíráàmù 300 pẹ̀lú lẹ́ǹsì tó yọ síta, ẹ má gbé e lé aláfarawé kékeré. Ẹ wá èyí tí ó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Onírin kúkúrú tó lágbára

Èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ níhìn-ín ni Manfrotto Pixi. Ó ń gbé kílò kan, òun fúnra rẹ̀ sì wúwo tó bíi gíráàmù 190. Bọ́tìnnì kan ló wà lára orí rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, bọ́ọ̀lù á tú. Ẹ jáwọ́, bọ́ọ̀lù á dì. Kò sí ìdè tí a ń yí. Owó rẹ̀ ju ti ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú tí kò lórúkọ lọ ní ìlọ́po mélòó kan, ṣùgbọ́n kò tíì kúrò ní ohun tí a lè pè ní olówó kékeré tí a bá fi wé tripod ńlá. Àwọn onírin mìíràn tí wọn kò lórúkọ náà wà, àwọn kan nínú wọn sì dára gidi. Ẹ fi ìdánwò etí fèrèsé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan dán wọn wò.

Kámẹ́rà àpò kò tó nǹkan lójú irú tripod yìí, nítorí náà kì í yọ̀, kì í rọ̀ wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ ni ohun tí àwọn tó ń tà á kì í pariwo: ó ṣeé tì mọ́ ògiri. Ẹ ya ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, òpó tàbí férémù ìlẹ̀kùn ní gíga ojú yín, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tì í mọ́ ọn gírígírí, kí ẹ sì ya fọ́tò. Kò ní dúró bí ìgbà tó wà lórí tábìlì, ṣùgbọ́n ìdajì ìṣẹ́jú àáyá tí ọwọ́ lásán kò lè gbà á lè ṣeé ṣe. Ẹ tún lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ti àyà yín nígbà tí ẹ kò bá rí ògiri. Olóríkèé kò lè ṣe èyí, á kàn wó mọ́ra ni. Bí ẹ bá sì ká ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ, ó di ìdìmú fún fídíò.

Ohun tí kò lè ṣe: kò lè lọ́ mọ́ nǹkan, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sì í sábà tò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sórí àpáta tàbí ilẹ̀ gbágungbàgun. Ó sì wúwo fún ẹni tó ra kámẹ́rà gíráàmù 130 nítorí pé kò fẹ́ ẹrù.

Méjì tí wọn kì í sábà dárúkọ

Irú kan wà tó ní ẹsẹ̀ kúkúrú àti okùn alẹ̀mọ́ra. Pedco UltraPod ni àpẹẹrẹ rẹ̀ tí ó ti pẹ́ lọ́jà. Ẹsẹ̀ wà fún tábìlì, okùn sì wà fún ìgbà tí ẹ bá fẹ́ so ó mọ́ òpó tàbí ẹ̀ka. Lórí òpó, ó ń dì mú ju ọ̀pọ̀ olóríkèé lọ, torí okùn tí a fà le kì í rọ̀ wálẹ̀. Kò kàn lè tẹ̀ síbi gbogbo bíi tiwọn. Mo rò pé ó yẹ kí àwọn èèyàn máa rà á ju bí wọ́n ṣe ń rà á lọ.

Èkejì kì í tilẹ̀ ṣe tripod: àpò aṣọ kékeré tí a fi yanrìn tàbí irúgbìn gbígbẹ kún dé ìwọ̀n àbọ̀ lé díẹ̀. Ẹ gbé e lé orí ògiri tàbí òkúta, kí ẹ tẹ kámẹ́rà mọ́ ọn, á sì rì sínú rẹ̀ díẹ̀. Kò sí bọ́ọ̀lù tí yóò yọ̀, kò sí ẹsẹ̀ tí yóò gbọ̀n. Tí kámẹ́rà yín kò bá ní ihò bóòtì, èyí ni tiyín. Ohun tó ń dí i lọ́wọ́ ni pé kò lè gbójú sókè púpọ̀, kò sì lè dúró ní ìnàró dáadáa.

Bí olówó pọ́ọ́kú ṣe lè ṣe iṣẹ́ olówó ńlá

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ má fi ìka tẹ bọ́tìnnì kí ojú kámẹ́rà sì là lójú ẹsẹ̀. Ìka yẹn nìkan tó láti ba ohun gbogbo jẹ́. Inú kámẹ́rà yín ni self-timer wà, ohun tó ń jẹ́ kí kámẹ́rà dúró díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì kó tó ya fọ́tò. Lára ọ̀pọ̀ wọn, ẹ ó rí ìṣẹ́jú àáyá 2 àti 10. Àwọn èèyàn gbà pé 10 wà fún ìgbà tí ẹ fẹ́ sáré lọ dúró nínú fọ́tò nìkan, 2 sì wà fún ìyókù. Lórí tripod tó le, bẹ́ẹ̀ ni. Lórí èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ lo 10 fún gbogbo rẹ̀, kí gbígbọ̀n tí ìka yín dá sílẹ̀ lè parí kí ojú kámẹ́rà tó là. Àwọn kámẹ́rà kan tún ní Wi-Fi, tí ẹ lè fi fóònù yín pàṣẹ fún wọn láti òkèèrè. Ìyẹn dára ju self-timer lọ, pàápàá tí ọmọdé bá wà nínú fọ́tò.

Ẹ pa ohun tó ń gbógun ti gbígbọ̀n nínú kámẹ́rà bí ó bá ṣeé pa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wá gbígbọ̀n ọwọ́ kó sì máa sún lẹ́ǹsì tàbí sensọ̀ láti tún un ṣe. Nígbà tí kò bá rí gbígbọ̀n kankan, ó lè dá tirẹ̀ sílẹ̀. Àwọn kámẹ́rà tuntun kan máa ń mọ̀ pé àwọn wà lórí tripod, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn.

Tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, ẹ ká okùn ọrùn kámẹ́rà jọ tàbí kí ẹ yọ ọ́, torí bó bá ń fì, kámẹ́rà ń mì pẹ̀lú rẹ̀ ni. Ẹ fi ara yín dí afẹ́fẹ́. Lórí ilẹ̀ onípákó, ẹ dúró sójú kan títí kámẹ́rà á fi parí, nítorí ìṣísẹ̀ yín ń gba inú pákó lọ bá a. Ẹ dín fífa nǹkan súnmọ́ra kù: gbígbọ̀n tí ojú kò rí nígbà tí lẹ́ǹsì wà ní fífẹ̀ máa ń hàn gbangba nígbà tí ẹ bá fà á dé ìlọ́po 10. Ó sàn kí ẹ gbé tripod náà súnmọ́ ohun tí ẹ fẹ́ yà.

Ní ti bóòtì, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ihò abẹ́ àwọn kámẹ́rà kan jẹ́ ike, eyín rẹ̀ sì lè jẹ bí ẹ bá fi agbára yí i. Ẹ yí i títí kámẹ́rà kò fi ní yí mọ́, kí ẹ dúró níbẹ̀. Bí ẹ bá gbé kámẹ́rà sí ìnàró, ẹ wo ìhà tí apá tó wúwo ń fa bóòtì sí. Bí ó bá ń fà á sí ìhà tí bóòtì ń tú, ẹ yí kámẹ́rà sí ìhà kejì, kí ìwúwo rẹ̀ lè máa mú un le sí i.

Ta ni kó mú èwo?

Tí iṣẹ́ yín bá jẹ́ fọ́tò ọjà, ìwé tàbí ohun kékeré lórí tábìlì nínú ilé, tí kámẹ́rà yín kò sì tó gíráàmù 200, ẹ mú ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú tí orí rẹ̀ yege ìdánwò, kí ẹ sì fi owó tó kù ra iná. Ìyẹn á wúlò fún yín ju ẹsẹ̀ tó dára lọ.

Ẹni tó ń rìnrìn àjò, tó fẹ́ wà nínú fọ́tò tirẹ̀ níbi tí kò sí tábìlì, kó mú olóríkèé, kó sì san owó èyí tó lórúkọ bí agbára rẹ̀ bá ká a. Bí kò bá ká a, kó mú oríkèé ike, kó yẹra fún wáyà, kó sì máa fọwọ́ yẹ oríkèé tó súnmọ́ orí wò kó tó gbé kámẹ́rà kọ́. Ẹni tó jẹ́ pé òpó àti igi nìkan ló máa ń lò, okùn alẹ̀mọ́ra á tẹ́ ẹ lọ́rùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó fẹ́ràn fọ́tò alẹ́ nínú ìlú, onírin ni kó wá owó rẹ̀. Ògiri pọ̀ níbi gbogbo nínú ìlú, gbogbo ògiri sì ni ibi ìdúró fún un. Bákan náà ni fún ẹni tí kámẹ́rà rẹ̀ ti kọjá gíráàmù 250 pẹ̀lú lẹ́ǹsì tó ń yọ síta, níbikíbi tó bá ń yà.

Ẹni tó ń ṣe fídíò tó sì ń bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀, onírin náà ni, nítorí ìdìmú. Àmọ́ kó kọ́kọ́ wo ojú tí a ti ń wo àwòrán lẹ́yìn kámẹ́rà rẹ̀: bí ojú náà bá ń ṣí gba ìsàlẹ̀, orí tripod á dí i, kò sì ní lè rí ara rẹ̀. Èyí tó ń ṣí gba òkè tàbí gba ẹ̀gbẹ́ kò níṣòro kankan.